Ojú Bàbá Mi Ò Ríran Mọ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn: Ṣé Ká Kán Oògùn Sí I?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún bàbá mi. Bí wọ́n ṣe jí, wọ́n ní ojú ọ̀tún àwọn ò ríran. A rò pé oògùn oorun ni kò tíì dá lójú wọn. Ará ilé ní àwọn dókítà ló ṣèèṣì gé iṣan ojú. Bàbá kan ní Sábó ní òun ní oògùn tó máa fọ ìdọ̀tí tó bò ó. Ṣé ká kán an? (Ọmọ Bàbá, Igbógbó, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ẹ má kán an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán ohunkóhun sí i.

Kò sẹ́ni tó gé iṣan ojú. Àyà ni wọ́n là. N kò tíì yẹ bàbá wò, n kò sì lè sọ pàtó ohun tó ṣe wọ́n, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù nígbà tí ẹ̀rọ ń bá ọkàn ṣiṣẹ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára, ebi ẹ̀jẹ̀ lè pa iṣan tó ń gbé àwòrán láti ojú lọ sí ọpọlọ. Ó tún lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì já, ó sì dí òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré tó ń bọ́ ojú. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọpọlọ ló lọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn, ojú méjèèjì ló sì máa ń kàn. Kì í wọ́pọ̀, kò tó ẹnì kan nínú 100, àmọ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru ló súnmọ́ ọn jù.

Ìdọ̀tí wo wá ni wọ́n fẹ́ fọ̀? Iwájú ojú ni oògùn kíkán ń dé, ẹ̀yìn ẹyinjú ni ìjàǹbá wà. Ẹni tó ń kán oògùn sí i dà bí ẹni tó ń nu gílóòbù nígbà tí wáyà ti jó. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí lẹ́yìn tí owó bá ti tán ni wọ́n ń gbé aláìsàn wá bá wa. Àwọn ìgò tí kò ní orúkọ lára yẹn, sítẹ́rọ́ídì (oògùn líle tó ń pa wíwú àti pípọ́n) wà nínú òmíràn: pípọ́n ojú á lọ, ẹ ó rò pé ó ń ṣiṣẹ́, gilakóómà, àìsàn tó ń pa iṣan ojú díẹ̀díẹ̀, á sì máa wọlé. Ìtọ̀, omi ọyàn, omi ṣúgà àti omi ewé ń dá egbò sójú. Ojú kan ló kù fún bàbá yín!

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò: ìríran tó bá lọ báyìí kì í sábà padà tán. Ti àwọn kan máa ń padà díẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ kò sí oògùn tí a ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń jí iṣan náà.

Síbẹ̀, ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka ojú ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí Guinness Eye Centre ní ilé ìwòsàn LUTH, Ìdí-Àràbà. Wọ́n á wo ẹ̀yìn ojú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ya àwòrán ọpọlọ àti òpó ọrùn, torí ohun tó dí ojú lónìí lè dí ọpọlọ lọ́la. Ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ àti gbogbo oògùn wọn dání, ẹ sì sọ fún dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ẹ má dá aspirin tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró torí pé ẹnì kan ní oògùn náà ló fọ́ ojú. Bí bàbá bá sì ń lo oògùn agbára ọkùnrin, kí wọ́n má tijú, kí wọ́n sọ ọ́, torí ó lè kan ọ̀rọ̀ ojú yìí.

Ẹ̀yin tí èèyàn yín ṣì ń múra iṣẹ́ abẹ: bí ojú bá ṣókùnkùn lójijì, kódà láìdùn ún, ẹ pe nọ́ọ̀sì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni ojú tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ń kú. Bó bá ká yín mọ́lé, ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́, ẹ sì mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 12 ṣe máa ń rí láàárọ̀.

Ní ti bàbá, kí wọ́n máa fọwọ́ bo ojú ọ̀tún láràárọ̀, kí wọ́n fi tòsì wo kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọjọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣú tàbí tí apá kan bá sọnù, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.