Ọmọ mi ń kọ́ físíò (iṣẹ́ fífi ọwọ́ àti eré ìmárale tọ́jú ara), iléèwé wọn fẹ́ kó wọn lọ tọ́jú aláìsàn nílẹ̀ òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ méjì, báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ètò yẹn dáa?

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló ní kí wọ́n wá. Tó bá jẹ́ pé iléèwé nìkan ló jókòó tó pinnu ẹ̀, tí àwọn físíò tó wà níbẹ̀ ò mọ nǹkan kan, kó má lọ jàre. Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní WEIGHT, ó wà fún ètò tó ń kó èèyàn lọ kọ́ṣẹ́ ìlera nílẹ̀ òkèèrè, 2010 ló jáde, ó ní kí àǹfààní ẹ̀ kan tọ̀tún tòsì, kí ẹni tó gbàlejò má lọ máa náwó tiẹ̀ lórí àlejò. Akẹ́kọ̀ọ́ ò sì gbọ́dọ̀ dá ṣe ohun tí wọn ò ní jẹ́ kó dá ṣe nílé.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn kan á kó o wá bí ẹni ń pín ráìsì, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Kẹ̀kẹ́ tó fẹ̀ jù, tí ò ní tìmùtìmù tó dáa, egbò ló máa dá síni nídìí, ẹni tí ara ibẹ̀ ti kú ò tiẹ̀ ní mọ̀ títí á fi jinlẹ̀. Ìlànà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti 2008 ní kí wọ́n wọn èèyàn, kí wọ́n tún kẹ̀kẹ́ ṣe bá a mu, kí wọ́n kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó, kí wọ́n sì tún padà wá wò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì dà níbẹ̀? Àfi tí ará ibẹ̀ bá wà tó máa báṣẹ́ lọ.

Ẹ bèèrè ibi tówó ètò yẹn ń lọ náà o.