Ṣé tírélà ló ń kọjá lóru ni, àbí ìjì ló ń bọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìkòròdú ni mò ń gbé, ilé wa kò jìnnà sí títì Ṣágámù. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 9, wo fídíò ìjì tọ̀nédò lórí fóònù. Wọ́n ní ó ń dún bíi rélùwéè. Látìgbà náà, bí tírélà bá ti kọjá lóru, á sáré wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Kí ni mo lè fi mọ̀ pé ìjì ló ń bọ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Wọn kò parọ́ fún un. Tọ̀nédò ń bú ramúramù lóòótọ́, torí atẹ́gùn tó ń yí bí òkòtó ni, ó ń já páànù àti igi, ó sì ń fi wọ́n gbá ara wọn. Atẹ́gùn inú èyí tó le jù, tí wọ́n ń pè ní EF5, ń sáré ju kìlómítà 320 lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló pọ̀ sí jù, níbi tó ń ju 1,000 lọ lọ́dún. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an lọ́dọ̀ tiwa. Ààjà tó ń gbé eruku àti ọ̀rá kiri nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe òun. Ilẹ̀ gbígbóná ló ń fa ìyẹn, kì í sì í pẹ́ tú ká.

Èyí tó ń ṣí òrùlé ní Ìkòròdú ni ìjì tó ń ṣáájú òjò, pàápàá láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún. Ìlà-oòrùn ló ti máa ń wá, ìyẹn apá Ẹ̀pẹ́.

Ìró tírélà á ga bó ṣe ń sún mọ́, á sì rọlẹ̀ bó bá ti kọjá. Lóru, atẹ́gùn ìsàlẹ̀ máa ń tutù ju ti òkè lọ, èyí sì ń tẹ ìró padà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tírélà tí ẹ kì í kà sí lọ́sàn-án fi ń dún lóru bíi pé ó wà ní pálọ̀. Ìjì kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Páànù àwọn ará ọ̀ọ́kán ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, òjò á máa ti orí òrùlé kan bọ́ sí òmíràn, ariwo á máa ga sí i.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró dìgbà tí ẹ gbọ́ ìyẹn, ó ti pẹ́ jù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ojú àti ara ló ń kọ́kọ́ mọ̀. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ máa kà títí àrá á fi sán: gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 3 jẹ́ kìlómítà kan tí ìjì náà fi jìnnà sí yín. Bí ooru bá mú, tí ewé kò mì, tí atẹ́gùn tútù wá ṣàdéédé gbé kọ́tìnì sókè, ẹ kó àwọn ọmọ wọ yàrá àárín ilé, kúrò lẹ́bàá fèrèsé àti igi máńgòrò.

Jẹnẹrétọ̀ ló sì ń dí ọ̀pọ̀ ènìyàn létí. Bí ẹ bá ti rí mànàmáná, ẹ pa á. Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e wọ pásééjì nítorí òjò. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kì í rùn, ojú oorun ló sì ti ń pa ènìyàn.

Bí ọmọ náà bá tún sáré wá lóru, ẹ ṣí kọ́tìnì fèrèsé tó kọjú sí apá Ẹ̀pẹ́, kí ẹ jọ wò ó. Bí ìràwọ̀ bá wà níbẹ̀, tírélà ni.