Kí ni iṣẹ́ ajẹ́ńtì ilẹ̀ gan-an ní Abẹ́òkúta?

Ẹ bi mí bóyá ajẹ́ńtì tó mú yín lọ wo ilẹ̀ ní Ọbántòkó lè gba owó ilẹ̀, kó sì fọwọ́ síwèé fún yín. Rárá o, àfi tí onílẹ̀ bá fún un ní ìwé àṣẹ. Alárinà ni ajẹ́ńtì: ó ń wá oníbàárà, ó ń bá wọn dúnàádúrà, ó sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan tún ń bá onílẹ̀ tó wà lókè òkun ṣọ́ ilẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí ni wàhálà pọ̀ sí jù. Olórí ẹbí àti àwọn aṣojú ojúlé ló gbọ́dọ̀ jọ fọwọ́ sí i. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá lójú òfin. Bí olórí ẹbí náà bá sì dá a tà, àwọn yòókù lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. Kò sí bí ẹnu ajẹ́ńtì ṣe lè dùn tó tó lè tún ìyẹn ṣe.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ (awọnlẹ̀) tiyín, kì í ṣe ti ajẹ́ńtì, yẹ ìwé sọ́fè, ìyẹn àwòrán ààlà ilẹ̀, wò ní Òkè-Mọ́sàn, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wà, bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Tí ilẹ̀ náà bá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí títà rẹ̀. Ajẹ́ńtì lè bá yín sáré fáìlì ìfọwọ́sí gómìnà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san.