Ajá mi kì í ké: nọ́ńbà wo ni kí n kọ fún ìrora rẹ̀?

Ìbéèrè: Ajá wa ti pé ọdún 9. Ó máa ń pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, àmọ́ kò tiro, kò sì ké. Dókítà ẹranko fún wa ní ìwé ìbéèrè 11 pé ká máa fi 0 sí 10 sọ bí ìrora oríkèé rẹ̀ ṣe tó. Mo kọ 6, ìyàwó mi kọ 3. Ta ni kí dókítà gbà gbọ́ nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó máa ń wà nílé nígbà tí ajá bá ń jí ni èmi á yàn. 6 yín àti 3 ìyàwó yín lè jẹ́ ohun kan náà tí ojú méjì wò. Ohun tí dókítà ń wá ni bóyá ara ajá yìí ti yá ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ò sì ṣeé mọ̀ bí ọwọ́ tó ń kọ ọ́ bá ń yí padà.

Ti pé kò ké, ẹ má gbára lé e. Ìrora làkúrègbé ò dà bíi ti ajá tó gun ìṣó mọ́lẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé: á kọ́kọ́ ṣíwọ́ fífò sórí àga, tó bá yá kò ní sáré wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́, ẹ̀yin á sì máa sọ pé ọjọ́ orí ni. Ti tiro ńkọ́? Bí ìbàdí méjèèjì bá jọ ń dùn ún, ẹsẹ̀ wo ló fẹ́ gbé ara lé? Ìdí nìyẹn tí ìwé náà fi ń béèrè ohun tó ń ṣe àti ohun tí kò ṣe mọ́.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ó jọ CBPI (Canine Brief Pain Inventory), ìwé ìbéèrè nípa ìrora ajá tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ìbéèrè 4 àkọ́kọ́ dá lórí ìrora: èyí tó le jù láàárín ọjọ́ 7 sẹ́yìn, èyí tó rọjú jù, bó ṣe sábà máa ń rí, àti ti ìsinsìnyí. 6 tó tẹ̀ lé e ń béèrè bí ìrora ṣe ń dí i lọ́wọ́: ìgbòkègbodò rẹ̀, bó ṣe ń gbádùn ayé rẹ̀, dídìde nílẹ̀, rírìn, sísáré àti gígun nǹkan. Èyí tó kẹ́yìn ni ti bí ìgbé ayé rẹ̀ ṣe rí lápapọ̀, a kì í kà á mọ́ ìṣirò.

Ibi dídìde yẹn ni kí ẹ tẹjú mọ́. Láàárọ̀, kí ẹ tó pè é, ẹ dúró síbi tí kò ti rí yín. Ṣé ẹsẹ̀ iwájú ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ dìde, tí ìdí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń tẹ̀ lé e? Ṣé ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, tó tún padà jókòó? Ìṣísẹ̀ mélòó ló fi rìn gan-n-gan kí ara rẹ̀ tó nà? Ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀, torí ajá tí àyà rẹ̀ ń já nílé ìwòsàn lè máa rìn bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Ká ní ẹ kọ 5, 2, 4 àti 3 fún ìrora: 14 pín sí 4 jẹ́ 3.5. Fún ìdílọ́wọ́, 4, 3, 6, 3, 5 àti 6: 27 pín sí 6 jẹ́ 4.5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 lórí oògùn, ìrora di 2.25, ìdílọ́wọ́ di 3. Òdiwọ̀n tí a ń lò ni pé kí ti ìrora fi 1 wálẹ̀, ó kéré tán, kí ti ìdílọ́wọ́ fi 2 wálẹ̀, kí méjèèjì sì pé. Ìrora ti yege níbí, ìdílọ́wọ́ ò tíì yege, torí 1.5 péré ló fi wálẹ̀. Ara ti ń tù ú lóòótọ́, àmọ́ ó ṣì kù.

Ẹ kọ ìwé àkọ́kọ́ kí oògùn tó wọnú rẹ̀ rárá. Láìsí ìyẹn, kò sí ohun tí a fẹ́ fi wé èyí tó kù. Ẹ má sì wo ti tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kọ tuntun. Ẹni tó ti náwó sí oògùn máa ń fẹ́ kó ṣiṣẹ́, débi pé àwọn tó fún ajá wọn ní hóró tí kò ní oògùn kankan nínú náà ń sọ pé ara ajá àwọn ti yá. Bí ilé yín ò bá ní àtẹ̀gùn, ẹ má kọ 0 síbi gígun nǹkan, torí 0 túmọ̀ sí pé kò ní ìṣòro kankan. Ẹ wò ó níbi ìloro ilẹ̀kùn tàbí etí títì.

Ìwé mìíràn náà wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní LOAD ní ìbéèrè 13, àròpọ̀ rẹ̀ kò kọjá 52. Ti Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland, ní 11, kò kọjá 44. Èyí tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ máa bá lọ, nọ́ńbà ọ̀kan ò ṣeé fi wé ti èkejì.

Kò sí èyí tó lè sọ àrùn tó ń ṣe ajá nínú wọn o. Bó bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kan sókè tí kò fi tẹlẹ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ẹ gbé ìwé tì, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì fún un ní ibuprofen, oògùn ìrora ti ẹ̀yin fúnra yín: ó lè dá egbò sí ikùn rẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.