“Ọ̀jọ̀gbọ́n wa kórìíra mi”

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọkàn-mi-ò-balẹ̀ kọ̀wé sí mi. Ó gba 18 nínú 50 nínú ìdánwò àkọ́kọ́ nínú kọ́ọ̀sì báyọ́lọ́jì kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ìwé padà, ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ìwé rẹ̀ sókè lójú gbogbo kíláàsì, wọ́n ní, “Ta ló tan ẹni yìí wá síbí?” Láti ọjọ́ náà, àyà rẹ̀ máa ń já tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó ń bi mí bóyá kí òun fẹjọ́ sùn tàbí kí òun pa kọ́ọ̀sì náà tì. Ó fi àwòrán ìwé ìdánwò náà ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà rẹ̀.

Ọmọ mi,

Ohun tí wọ́n sọ sí ọ kò dára, n kò sì ní bá wọn wá àwáwí. Èèyàn lè fún akẹ́kọ̀ọ́ ní òdo láìdójú tì í.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì lo dì pọ̀ sínú lẹ́tà rẹ: èébú tí wọ́n bú ọ, àti 18 tí o gbà. O ti gbà lọ́kàn pé torí wọ́n kórìíra rẹ ni máàkì rẹ ṣe lọ sílẹ̀. Mo ti wo ìwé ìdánwò rẹ, kò rí bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ṣí ojú ìwé kejì. Ní ìbéèrè kejì, wọ́n ní kí o fi mitosis wé meiosis, ọ̀nà méjì tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà pín ara rẹ̀, máàkì 10. O kọ ojú ewé kan gbáko lórí mitosis, o fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, o tún kọ ojú ewé kan gbáko lórí meiosis. N kò rí irọ́ kankan nínú ohun tí o kọ. Síbẹ̀ 4 ni wọ́n fún ọ, wọ́n sì fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, “Ìfiwéra dà?” Òótọ́ ni wọ́n sọ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí o mú àwọn méjèèjì kojú ara wọn, ìwọ fi wọ́n sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní o kọ ọ́ pé sẹ́ẹ̀lì èèyàn tó ní kromosómù 46 (àwọn okùn tíntìntín tó gbé àbùdá wa) máa ń di 2 nínú mitosis, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì ní 46, ṣùgbọ́n tó máa ń di 4 nínú meiosis, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 23 péré. Pé mitosis ló ń mú ara dàgbà, meiosis ló wà fún àtọ̀ àti ẹyin: ìlà mélòó kan báyìí ì bá ti mú ọ kọjá 4. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe ní ìbéèrè kẹrin. “Ṣàlàyé ìdí” ni wọ́n ní, orúkọ lo tò sílẹ̀. O mọ iṣẹ́ náà, ìbéèrè tí o ti múra sílẹ̀ fún nílé lo ń dáhùn, o kò dáhùn èyí tó wà níwájú rẹ.

O ní o ka nóòtì rẹ nígbà mẹ́fà. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ wé ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò kà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n ń pa ìwé dé kí wọ́n lè kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó ń kà á ní àkàtúnkà ló rántí jù. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kan, àwọn kejì ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, wá ìbéèrè àtijọ́, pa nóòtì dé, kí o sì kọ ìdáhùn.

Kọ́kọ́ tún ìbéèrè kejì yẹn kọ, kí o wá gbé e lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n ní wákàtí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Má tọrọ máàkì. Wọ́n ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn títí etí wọn ti di. Bi wọ́n pé, “Tí mo bá kọ ọ́ báyìí, kí ló kù?”

Kí o tó dìde, sọ ti èébú náà: “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lójú kíláàsì dùn mí gan-an. Tí mo bá tún ṣe àṣìṣe, ẹ bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.” Mo mọ̀ pé èyí ló máa nira fún ọ jù. Kà á sókè nílé títí yóò fi mọ́ ọ lẹ́nu. Tí ohùn rẹ bá gbọ̀n níwájú wọn, jẹ́ kó gbọ̀n.

Tí wọ́n bá tún bú ọ lẹ́yìn ìyẹn, fẹjọ́ sùn. Lónìí yìí, kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, àti ẹni méjì tó gbọ́. Olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kí o kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn rẹ̀ olórí ẹ̀ka, kí o sì fi ìwé sọ ọ́. Má da máàkì mọ́ ọn. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, wọ́n á bá ọ tún máàkì rò tí àròpọ̀ bá ṣì, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà dá sí bí olùkọ́ ṣe díwọ̀n ìdáhùn.

Ní ti pípa kọ́ọ̀sì tì, jẹ́ ká ṣírò. O ní ìdánwò yìí kó 20 nínú 100. 18 nínú 50 já sí 7.2 nínú 20 yẹn. 80 ṣì wà nílẹ̀, ìwọ tó ń wá 50 sì ní láti rí 42.8 nínú rẹ̀, ìyẹn fi díẹ̀ lé ní ìdajì. Kì í ṣe kọ́ọ̀sì tó ti bọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, wo kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ yín fún ọjọ́ tí ẹ lè jáde kẹ́yìn láìjẹ́ pé ó hàn lórí èsì yín, kí o sì bèèrè bóyá kọ́ọ̀sì ọdún kẹta kankan dúró lé eléyìí. Má jáde kí o tó rí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìdánwò kejì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí ìbéèrè kejì tí o tún kọ.