Ẹ́ńjìnnì 75 kọ́ ni ọkọ̀ bàbá rẹ ń wá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ̀jìnrìn ni mo wà. Ọkọ̀ apẹja tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń ṣiṣẹ́, pákó ni, ẹsẹ̀ bàtà 26. Ẹ́ńjìnnì 40 (ìyẹn agbára họ́ọ̀sì 40) tó wà ní ìdí rẹ̀ ti kú. Kó tó kú, ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà kò ti sáré mọ́. Ẹnìkan ní Ẹ̀pẹ́ fẹ́ ta 75 tòkunbọ̀ fún mi, ó ní tí mo bá gbé e kọ́, ọkọ̀ á máa fò lórí omi bí ẹyẹ. Ó ní ẹlòmíì ti ń dúró dè é, kí n mówó wá kó tó di Jímọ̀. Ṣé 75 yẹn á tó, àbí kí n wá èyí tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má rà á. "Ṣé á tó" kọ́ ni ìbéèrè. Àìmọye èèyàn ló ti bi mí léèrè ẹ́ńjìnnì ńlá fún ọkọ̀ ògbólógbòó lọ́dún yìí, mo sì ti ń rò ó pé ẹnu ẹnìkan náà ni gbogbo yín ti ń gbọ́ ọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ohun tí o fẹnu ara rẹ sọ. O ní ọkọ̀ kò sáré mọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó kú, o wá gbà pé agbára ẹ́ńjìnnì ló dín kù. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Pákó ń mu omi. Nígbà tí o wà ní kékeré, èèyàn mélòó ló ń fa ọkọ̀ yẹn gúnlẹ̀? Mélòó ló ń fà á báyìí? Tó bá jẹ́ mẹ́rin nígbà yẹn, tó wá di méje lónìí, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ rẹ. Fi àbùlẹ̀ pákó tí ẹ ń kàn lérí ara wọn kún un, fi ọ̀dà dúdú tí ẹ ń kùn lé ti èṣí kún un, fi omi abẹ́ pákó ìtẹ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́n tán kún un. Láyé bàbá rẹ, ọkọ̀ nìkan ni 40 yẹn ń tì. Nígbà tó fi máa kú, ọkọ̀ àti odindi ẹrù omi ló ń tì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì. Ohun tí wọ́n fi ń tàn yín ni pé bí họ́ọ̀sì bá ṣe pọ̀ tó ni ọkọ̀ á ṣe sáré tó. Fún irú ọkọ̀ tìrẹ, irọ́ ni. Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá máa ń dá ìgbì sílẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìgbì méjèèjì ń jìnnà síra, títí ti ẹ̀yìn á fi dé ìdí ọkọ̀ gan-an. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ ti wà láàárín ìgbì méjì bí ẹni tó wà nínú kòtò. Fún un ní iná sí i: iwájú á gbé sókè, ìdí á rì, ọkọ̀ á wá máa gun òkè tí òun fúnra rẹ̀ ń mọ. Fún ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ bàtà 25 rẹ̀ ń kan omi, nǹkan bíi kìlómítà 12 ní wákàtí kan ni kòtò yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lóòótọ́, ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ tó sì fúyẹ́ lè yọ kúrò nínú kòtò náà kó máa yọ̀ lórí omi. Ohun tí àwọn ọkọ̀ fàíbà tó ń kó èrò ń ṣe nìyẹn, torí ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an náà lè ré e kọjá díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ pákó ẹsẹ̀ bàtà 26, tó ru àwọ̀n, yìnyín àti ẹja? Epo lásán lo máa jó. 40 tú-sítírókù (àwọn tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn) lè mu lítà 15 sí 20 ní wákàtí kan tí o bá fún un ní gbogbo iná. 75 lè mu 30. Lọ ṣírò iye ẹ̀pìyà tí o máa tà lọ́jà Olúwo kí ìyàtọ̀ yẹn tó jáde.

Owó epo ṣì kéré. Pátákó ìdí ọkọ̀ ló ń já mi láyà, ìyẹn pákó tí a ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Ẹ́ńjìnnì 40 tú-sítírókù wúwo tó 70 kílò àti díẹ̀. 75 lé ní 100. Ìwúwo yẹn kì í sì í ṣe ẹrù tó jókòó jẹ́jẹ́. Ó rọ̀ sẹ́yìn ni, ó ń fa pátákó náà nígbàkúùgbà tí ìgbì bá gbé ọkọ̀ sọ. Tí o bá tún fún un ní iná, ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì á máa ti pátákó síwájú, orí rẹ̀ á máa fà á sẹ́yìn. Àárín àwọn méjèèjì ni ìṣó ti ń yọ.

Èmi náà ti jẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí rí, mi ò ní purọ́. Oníbàárà kan tẹnu mọ́ 60 fún ọkọ̀ pákó tó ń lo 25. Mo sọ fún un pé kò dáa, ó ní owó òun ni, mo gba owó, mo gbé e kọ́. Kò pé oṣù kan tó fi àjẹ̀ wakọ̀ padà wá bá mi, ó fi okùn àwọ̀n di ẹ́ńjìnnì mọ́ ìjókòó kó má baà bọ́. Mo tú bóòtù kan, mo ki sukudiréfà bọ ihò rẹ̀ láti wo bí pákó ṣe rí. Ó wọlé dé ọwọ́ tí a fi ń dì í mú, bí ìgbà tí a ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ. Omi pupa bíi tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde níbẹ̀. Lókè, ọ̀dà tuntun ń dán. Òun kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ìdí ọkọ̀ tí mi ò kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́.

Nítorí náà, kí o tó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, fa ọkọ̀ náà gúnlẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán tí kò bá sí òjò. Mú sukudiréfà, gún pátákó ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, létí, àti yíká ihò bóòtù. Fi òòlù kékeré kàn án: pákó tó ṣì le máa ń dún ko, èyí tó ti jẹrà á dún bù. Tó bá ti jẹrà, káfíńtà ọkọ̀ ni kí o kọ́kọ́ náwó fún, kì í ṣe ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni mo ti rí tí wọ́n gbẹ, tí wọ́n dí, tí wọ́n pààrọ̀ pátákó wọn, tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sì tún tì wọ́n bí ẹni pé tuntun ni.

Lẹ́yìn náà, mú téèpù. Wọ̀n ọ́n láti orí pátákó ìdí, ní àárín gan-an, sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ níbí méjì ni: kúkúrú jẹ́ ínṣì 15, gígùn jẹ́ ínṣì 20. Èyí tó bá sún mọ́ nọ́ńbà rẹ ni kí o rà. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè pùròpẹ́là. Ó yẹ kó wà ní déédéé ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tàbí kó fi ínṣì kan lọ sílẹ̀ sí i. Tí ẹsẹ̀ bá kúrú jù, pùròpẹ́là á máa gba afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á máa ké, kò ní rí omi mu, á sì gbóná. Tó bá gùn jù, á máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, gbogbo òkìtì iyanrìn tó wà nínú ọ̀sà ló sì máa kì ọ́ káàbọ̀. Àwọn kan ní ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló lágbára jù. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni mo ní kí o rà? 40 mìíràn, tú-sítírókù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ọkọ̀ mu, irú èyí tí o máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú. Tó bá jẹ́ pé ìtòsí Ẹ̀jìnrìn lo ti ń da àwọ̀n, tí o kì í lọ jìnnà, 25 lè tó ọ, bó o tilẹ̀ máa bínú sí mi. Fọ́-sítírókù máa ń fi epo pamọ́, a kì í sì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ṣùgbọ́n 40 rẹ̀ súnmọ́ 100 kílò. Tí pátákó rẹ bá jẹ́ tuntun tó le, rò ó wò. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, má wo nọ́ńbà tó wà lára ìdérí. Ìdérí ṣeé pààrọ̀, ìlẹ̀mọ́ sì ṣeé rà. Àwo irin kékeré tó wà níbi tí ẹ́ńjìnnì fi ń di pátákó mú ni kí o kà. Kó tutù kí o tó dé: ẹni tó ti gbé e gbóná sílẹ̀ dè ọ́ ń fi nǹkan pamọ́. Ní kí mẹkáníìkì tìrẹ fi géèjì wọn ìfúnpọ̀ inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Kí nọ́ńbà tí géèjì bá mú wá fún wọn má jìnnà síra. Tú bóòtù gíà ọ́ìlì nísàlẹ̀: tó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ̀ ọ́.

O kò sọ ohun tó pa 40 yẹn, ó sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n, kí èyí tí o fẹ́ rà má baà tẹ̀ lé e. Ṣé ó ń tọ̀ dáadáa? Omi tín-ín-rín tó máa ń tú jáde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń sọ. Láti 1984 tí koríko olódòdó aláwọ̀ àlùkò yẹn ti gba Àgbádárìgì wọlé, ó ti pa ẹ́ńjìnnì ju iyọ̀ lọ lọ́dọ̀ tiwa níbí, torí ó máa ń dí ojú ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi. Tí kò bá tọ̀ mọ́, pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ́ìlì ńkọ́? Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti mọ́ra, ìdajì lítà sí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ni ti ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì tìrẹ bá sọ ni kí o tẹ̀ lé. Kó jẹ́ ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára. Ọ́ìlì ọ̀kadà kọ́, ọ́ìlì tí wọ́n dà sílẹ̀ lára ọkọ̀ ilẹ̀ kọ́.

Mo kọ gbogbo èyí láì tíì rí ọkọ̀ rẹ o. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀rọ̀ mi gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ pátákó tí kò gún wò, kó má dárúkọ mi. Àwọn bàbá wa ní ojú oró ló ń lékè omi. Ẹ́ńjìnnì tí pátákó kò bá gbé, ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni tiẹ̀.

Gún un, wọ̀n ọ́n, kí o fi ohun tí téèpù bá sọ àti ohun tí sukudiréfà bá sọ ránṣẹ́ sí mi. Ní ti ẹni tó ní kí o mówó wá kó tó di Jímọ̀, jẹ́ kó tà á fún ẹlòmíì tó ń dúró dè é.