Èsì: Ṣé Gbọ̀ngàn Odùduwà àti Amphi kì í ṣe ibì kan náà?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹnì kan júwe Gbọ̀ngàn Odùduwà fún yín nínú ọgbà OAU (Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀), ẹlòmíràn sì ní Amphi (ìkékúrú amphitheatre) ni. Ilé kan náà ni, ojú méjì ló ní. Gbọ̀ngàn tó ní òrùlé wà lápá kan. Lápá kejì, ìjókòó alátẹ̀gùn ni, ojú ọ̀run nìkan ló bò ó. Orí ìtàgé ló wà láàárín, tí apá méjèèjì jọ ń lò. Ọgbọ́n yẹn wú mi lórí púpọ̀: òjò dé, a wọlé, ilẹ̀ tutù nírọ̀lẹ́, a bọ́ síta.

Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ọmọ Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà àti ilé yíyà ní Jámánì, àti ikọ̀ rẹ̀ ló ya àwòrán ọgbà náà. Kọnkéré ni wọ́n lò jù, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé oòrùn ilẹ̀ wa. Ẹ wo ilé Humanities, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè àti ìtàn: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kó lè ṣíji bò ó.

Ní ti ìlò Gbọ̀ngàn Odùduwà, ayẹyẹ ìgboyèjáde ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun ń ka iṣẹ́ wọn nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń ṣeré orí ìtàgé níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ṣèpàdé ní Amphi.

Bí ẹ bá dé Ifẹ̀, ẹ lọ nírọ̀lẹ́, kí ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn tó ga jù.